Wọ́n Ti Fi Ilẹ̀ Sílẹ̀, Báwo Ni Wọ́n Ṣe Ṣì Ń Ṣọdẹ Níbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Ìdílé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí, ìdí nìyẹn tí ìròyìn kan fi gbà mí lọ́kàn. Mo kà á pé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà dá ọdẹ kan láre ní 2019. Ọmọ ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Crow ni, ó sì pa ẹran nínú igbó ìjọba láìgba ìwé àṣẹ. Ohun tó rú mi lójú ni pé ìròyìn kan náà sọ pé láti 1868 ni àwọn Crow ti fọwọ́ sí ìwé pé àwọn fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún ìjọba. Ẹni tó bá ti fi ilẹ̀ sílẹ̀, kí ló tún kù fún un níbẹ̀? Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìwé náà ni wọ́n fi gbogbo ẹjọ́ jà. Báwo ni ọ̀rọ̀ kan ṣe lè lágbára tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n sì lè ta ẹran tí wọ́n bá pa?

Òǹkàwé yín, Ìsẹ́yìn

ÌDÁHÙN

Inú mi dùn sí ìbéèrè yín, ẹ̀yin ọmọ ọdẹ. Ohun tó rú yín lójú yìí rú àwọn àgbà nínú òfin lójú pẹ̀lú. Adájọ́ 9 ló jókòó lé ẹjọ́ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní Herrera v. Wyoming. Àwọn 5 gbè sẹ́yìn ọdẹ, àwọn 4 ní kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan ni kò yé.

Bí mo ṣe gbọ́ ìbéèrè yín sí, ohun tí ẹ ń sọ ni pé orí ilẹ̀ ni ẹran ń gbé, ẹni tí kò bá ní ilẹ̀ mọ́, kò yẹ kó tún lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹran orí rẹ̀. Ìrònú tó mọ́gbọ́n dání ni. Ṣùgbọ́n lójú òfin, ilẹ̀ lọ́tọ̀, ọdẹ orí rẹ̀ lọ́tọ̀. Ènìyàn lè gbé ọ̀kan fún ẹlòmíràn kó sì di ìkejì mú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1868 nìyẹn. Àwọn Crow fi ilẹ̀ tó ju mílíọ̀nù 30 éékà lọ sílẹ̀ fún ìjọba Amẹ́ríkà, ìwé kan náà sì sọ pé wọ́n á ṣì máa ṣọdẹ.

Ẹ wo bó ṣe rí nílé wa. Onílẹ̀ fún àlejò nílẹ̀ kó máa dáko, àlejò ń san ìṣákọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n onílẹ̀ ti sọ ọ́ níṣojú ẹlẹ́rìí pé ọ̀pẹ orí ilẹ̀ náà kò sí nínú ohun tí òun fún un. Lọ́jọ́ tí onílẹ̀ bá wá gun ọ̀pẹ láti kọ ẹyìn, ta ni yóò sọ pé àlejò ló ṣe é lóore? Ohun tí kò fún ẹnikẹ́ni rí ló wá mú. Ti àwọn Crow le ju ti ìṣákọ́lẹ̀ lọ, nítorí ilẹ̀ tiwọn lọ pátápátá. Síbẹ̀, ọgbọ́n inú rẹ̀ kan náà ni.

Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà ti sọ èyí láti 1905, nínú ẹjọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Yakama tí wọ́n ń pẹja lódò Columbia. Àwọn òyìnbó tó ra ilẹ̀ etí odò gbé ẹ̀rọ oníkẹ̀kẹ́ ńlá sínú omi, ẹ̀rọ tí ìṣàn odò ń yí, tó sì ń gbá ẹja jáde, wọ́n sì dínà mọ́ àwọn Yakama. Lọ́yà àwọn òyìnbó náà ní ẹ̀tọ́ àwọn Yakama kò ju ti ará ìlú yòókù lọ, pé ẹni tó bá ra ilẹ̀ lè lé wọn. Ilé ẹjọ́ ní wọ́n dojú ọ̀rọ̀ délẹ̀. Nínú ìwé àdéhùn 1855 tí wọ́n ń jà lé lórí, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ló ń fúnni, ìjọba ló ń gbà. Ohunkóhun tí wọn kò bá fi fúnni, ọwọ́ wọn ló ṣì wà. Mo bẹ̀ yín, ẹ di èyí mú dáadáa. Ẹni tí kò bá rí i bẹ́ẹ̀, gbogbo ìyókù ọ̀rọ̀ yìí yóò dà bí ojúrere tí ìjọba ń ṣe fún wọn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká dé ìdí ẹjọ́ ọdẹ tí ẹ kà nípa rẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2014, nígbà òtútù, òun àti àwọn Crow mìíràn ń tọ ipasẹ̀ agbo elk kan láti ilẹ̀ wọn ní Montana. Elk jọ àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n akọ rẹ̀ lè tóbi tó màlúù. Agbo náà ré ààlà kọjá wọ ìpínlẹ̀ Wyoming, sínú igbó ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ Bighorn, àwọn ọdẹ náà sì tẹ̀ lé wọn wọ̀ ọ́. Wọ́n yìnbọn, wọ́n pa díẹ̀ nínú wọn, wọ́n sì kó ẹran náà padà sílé. Wyoming pe ọdẹ yẹn lẹ́jọ́ pé ó pa elk láìgba ìwé àṣẹ, nígbà tí àkókò pípa rẹ̀ kò sí. Kóòtù ìpínlẹ̀ dá a lẹ́bi, wọ́n bu owó ìtanràn lé e, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ ṣọdẹ fún ọdún 3. Wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kó fi ìwé 1868 gbèjà ara rẹ̀ níwájú àwọn ará ìlú tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà. Èyí dùn mí púpọ̀, nítorí ìwé yẹn ni gbogbo ohun tó ní láti sọ.

Kí ni ìwé náà wí? Ní èdè tiwa, ó ní àwọn Crow yóò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣọdẹ lórí ilẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà tí kò sí ẹni tó wà lórí rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹran bá ṣì wà níbẹ̀, tí àlàáfíà bá sì wà láàárín àwọn àti òyìnbó ní ààlà igbó ọdẹ. Ẹ wo ohun tó lè fòpin sí i: kí ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, kí ènìyàn gbà á, kí ẹran tán, tàbí kí ìjà bẹ́ sílẹ̀. Mẹ́rin péré ni.

Wyoming mú ìkarùn-ún wá. Wọ́n ní ọjọ́ tí Wyoming di ìpínlẹ̀ ní 1890 ni ẹ̀tọ́ náà ti kú. Ó ní ibi tí wọ́n ti rí i: ní 1896, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Race Horse, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ lórí àdéhùn àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Bannock, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti Crow. Ṣùgbọ́n ní 1999, nínú ẹjọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Ojibwe ti Mille Lacs ní Minnesota, wọ́n ti gbẹ́ ìdí ìdájọ́ àtijọ́ yẹn. Ní 2019 wọ́n wá sọ ọ́ gbangba pé kò dúró mọ́. Ìwé 1868 kò dárúkọ dídi ìpínlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ọ́ sí i lẹ́yìn ọdún 22.

Ìyẹn ti kúrò nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ìròyìn yín ń sọ ni mo yí sí “tí kò sí ẹni tó wà lórí rẹ̀”. Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀. Ẹnìkan lè ní ilẹ̀ tí ènìyàn kò kọ́lé sí, tí kò sì dáko sí, ló ń wí. Ẹlòmíràn lè ní ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà sí ìkáwọ́ ni. Èyí ìkejì ni Wyoming dì mú. Wọ́n ní ní 1897, Ààrẹ Grover Cleveland fi ìkéde ya Bighorn sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí igbó àpapọ̀, láti ìgbà náà sì ni ìjọba ti ń darí rẹ̀, nítorí náà, ó ti ní ẹni tó wà lórí rẹ̀.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe yàtọ̀ tó. Bí a bá mú ìtumọ̀ àkọ́kọ́, òkè àti igbó tó lọ salalu ṣì ṣí sílẹ̀ fún àwọn Crow. Bí a bá mú ìkejì, ìjọba lè fi bébà kan, láìkọ́ ilé, láìro oko, sọ igbó náà di èèwọ̀ fún àwọn tó ṣèlérí fún. Agbára tí ọ̀rọ̀ kan ní nìyẹn.

Ta ló wá ń yan ìtumọ̀? Ibí yìí ló máa ń ṣókùnkùn jù, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀. Bí ènìyàn méjì tí wọ́n jọ mọ̀wé bá ṣe àdéhùn, tí oníkálùkù sì ní lọ́yà tirẹ̀, bí ìwé bá ṣe wí ni a óò ṣe kà á. Ti àwọn Crow kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba ló kọ ọ́, èdè ìjọba ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Ẹnu ògbufọ̀ ni àwọn olórí Crow ti gbọ́ ọ, kí wọ́n tó fi àmì sí i. Ohun tí wọ́n gbà ni ohun tí etí wọn gbọ́. Ìdí nìyẹn tí òfin Amẹ́ríkà fi ní kí adájọ́ ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ bó ṣe máa yé àwọn ọmọ ìbílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, kí iyèméjì tó bá sì wà níbẹ̀ gbè sẹ́yìn wọn. Mo gbà tọkàntọkàn pé òdodo nìyí. Ẹni tó mú kálàmù lọ́wọ́ ni kó jìyà ọ̀rọ̀ tí kò là.

Ilé ẹjọ́ wá lọ wo ohun tí wọ́n sọ fún àwọn Crow. Nígbà tí ìpàdé lórí àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ ní Fort Laramie ní 1867, Nathaniel Taylor tó ṣáájú àwọn aṣojú ìjọba sọ fún wọn pé bí wọ́n bá tilẹ̀ ta ilẹ̀, wọ́n á ṣì máa ṣọdẹ lórí rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹran bá wà. Ohun tí gbogbo wọn sì ń sọ nígbà náà ni ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó tó ń ya wọ àfonífojì, tí wọ́n ń kọ́lé, tí wọ́n sì ń lé ẹran jìnnà. Lójú ẹni tó jókòó sírú ìpàdé bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tí ènìyàn wà lórí rẹ̀ ni ilẹ̀ tí òyìnbó tẹ̀dó sí. Ìkéde Cleveland gan-an sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá tẹ̀dó sí Bighorn. Adájọ́ Sonia Sotomayor, tó kọ ìdájọ́ fún àwọn 5, kò rí bí ìwé tó ní kí ènìyàn má wá gbé ibẹ̀ ṣe lè jẹ́rìí pé ènìyàn ń gbé ibẹ̀. Ó ní iṣẹ́ kùsà àti gẹdú gígé tó ti wà lórí òkè náà ṣáájú 1897 pàápàá kò sọ ọ́ di ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀dó sí lójú àwọn Crow.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún ohun tí ẹ kà níbì kan. Ohun tí ilé ẹjọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ẹ̀tọ́ náà ṣì wà láàyè, àti pé igbó àpapọ̀ náà kò di ilẹ̀ tó ní olùgbé nítorí pé wọ́n yà á sọ́tọ̀. Wọ́n dá ẹjọ́ padà sí Wyoming. Wọ́n sì gbà pé ìpínlẹ̀ náà ṣì lè jà pé ibi tí ìbọn ti dún gan-an ní olùgbé, tàbí pé kí ẹran má bàa run ló fà á tí òun fi ṣe òfin.

Àwọn ará Kánádà ti dojú kọ irú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀nà tí ilé ẹjọ́ wọn gbà yanjú rẹ̀ sì wù mí láti sọ fún yín, nítorí ẹ ó mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọdẹ. Ní 1899, ìjọba bá àwọn ọmọ ìbílẹ̀ apá àríwá Alberta àti agbègbè rẹ̀ ṣe àdéhùn tí wọ́n ń pè ní Àdéhùn Kẹjọ. Ó ní wọ́n á máa ṣọdẹ bíi ti tẹ́lẹ̀, àfi lórí ilẹ̀ tí ìjọba bá mú fún ìtẹ̀dó, kùsà, gẹdú, òwò tàbí nǹkan mìíràn. “Nǹkan mìíràn” yìí fẹ̀ bí ojú ọ̀run. Ṣùgbọ́n àwọn aṣojú ìjọba fúnra wọn kọ ọ́ sínú ìròyìn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé pé àwọn ní láti fi àwọn ènìyàn náà lọ́kàn balẹ̀ pé ọdẹ àti ẹja wọn yóò wà lómìnira lẹ́yìn àdéhùn bí ẹni pé wọn kò ṣe é rárá.

Ní 1996, ẹjọ́ ọdẹ mẹ́ta tí àdéhùn náà kàn dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Kánádà. Olúkúlùkù wọn pa moose jẹ, ẹran kan tó ga ju ẹṣin lọ, lórí ilẹ̀ tó ti di ti aládàáni. Ẹnìkínní wà nínú igbó ṣákíṣákí, ilé kan sì wà nítòsí. Ẹnìkejì wà lórí pápá tí yìnyín bò, tí wọ́n ti kórè rẹ̀ nígbà tí òtútù kò tíì dé. Ahéré àgbẹ̀ wà nítòsí, wọ́n sì ti gbé pátákó ìkìlọ̀ síbẹ̀. Ẹnìkẹta wà nínú ẹrẹ̀ àbàtà, kò sí ọgbà, kò sí pátákó, kò sí ilé. Ilé ẹjọ́ ní ohun tí ojú ọdẹ bá rí ni kí a fi ṣe ìwọ̀n: ṣé ó hàn pé ẹnìkan ń lo ilẹ̀ yìí lọ́nà tí kò bá ọdẹ mu? Wọ́n gbé èyí ka orí ohun tí àwọn àgbà tó wà lábẹ́ àdéhùn náà rántí pé wọ́n ṣèlérí fún àwọn: ibi tí oko àti ilé bá wà nìkan ni wọn kò ní yìnbọn. Àwọn méjì àkọ́kọ́ pàdánù. Ti ẹnìkẹta, wọ́n ní kí wọ́n tún ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́, nítorí ẹ̀tọ́ rẹ̀ dé ibi tó dúró sí.

Ẹ ó bi mí pé ṣé ìgbà gbogbo ni ọ̀rọ̀ máa ń gbè sẹ́yìn wọn. Rárá o. Bí ọ̀rọ̀ bá là kedere, kò sí ibi tí adájọ́ lè yí i sí. Ní 1971, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin láti yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Alaska. Wọ́n fún wọn ní ilẹ̀ tó tó mílíọ̀nù 44 éékà àti owó tó tó mílíọ̀nù 962.5 dọ́là. Òfin náà wá dárúkọ ẹ̀tọ́ ọdẹ àti ẹja ìbílẹ̀, ó ní èyíkéyìí tó bá wà ti parí. Ẹ fi wé ti Ojibwe Mille Lacs: ní 1855, wọ́n fọwọ́ sí i pé gbogbo ẹ̀tọ́ àwọn lórí ilẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n ìwé náà kò mẹ́nu kan ọdẹ. Nítorí àìdárúkọ yẹn ni ilé ẹjọ́ fi sọ ní 1999 pé ẹ̀tọ́ ọdẹ wọn ṣì wà láàyè. Ní Alaska, wọ́n dárúkọ rẹ̀, ó sì lọ.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún ọ̀rọ̀ Alaska ṣe ní 1980, “ará ìgbèríko” ni òfin tuntun náà sọ pé kí wọ́n fún láàyè ṣáájú láti pa ẹran tí wọ́n á jẹ lórí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò sọ pé ọmọ ìbílẹ̀. Òyìnbó tó ń gbé abúlé wọlé sínú rẹ̀. Ọmọ ìbílẹ̀ tó ti kó lọ sí Anchorage, ìlú ńlá wọn, bọ́ síta. Èyí jẹ́ ìpalára tó jinlẹ̀ fún àwọn tí bàbá wọn ti ń ṣọdẹ níbẹ̀ kí ìjọba náà tó wà, mi ò sì ní fi bò.

Ní ti òfin ọdẹ lásán, bí àkókò pípa ẹran àti iye tí ènìyàn lè pa, ẹ̀tọ́ àdéhùn kò sọ ẹnikẹ́ni di aláìlófin. Ìjọba lè dá sí i bí ẹran bá fẹ́ run, ṣùgbọ́n òun ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé ọ̀rọ̀ dé bẹ́ẹ̀.

Ó ku ìbéèrè yín nípa títa ẹran. Ìdáhùn rẹ̀ tún wà nínú bí wọ́n ṣe kọ ìwé. Ní 1930, ìjọba àpapọ̀ Kánádà àti ti Alberta jọ ṣe àdéhùn láàárín ara wọn, wọn kò sì pe àwọn ọmọ ìbílẹ̀ sí i. Ó fẹ ilẹ̀ ọdẹ wọn, ó sì ní wọ́n lè pa ẹran nígbàkígbà nínú ọdún, ṣùgbọ́n fún oúnjẹ. Ọkùnrin kan lára wọn ń ṣọdẹ moose nígbà kan, ó pàdé béárì ńlá, ó sì pa á kó má bàa pa òun. Lẹ́yìn ọdún kan, nígbà tí owó wọ́n ọn, ó ta awọ rẹ̀. Ní 1990, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi: ọ̀rọ̀ 1930 yẹn ti gba òwò kúrò nínú ẹ̀tọ́ ọdẹ, ó ku oúnjẹ.

Ti àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Mi'kmaq ní Nova Scotia, ní Kánádà, yàtọ̀. Ẹja ni tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan ìbéèrè yín. Ní 1993, ọ̀kan nínú wọn pa eel, ẹja tó gùn bí ejò, tó wọn 463 pọ́n-ùn, ó sì tà á ní 787.10 dọ́là láìgba ìwé àṣẹ. Ìwé àdéhùn 1760 àti 1761 kò sọ pé wọ́n lè tajà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ìlérí tí ìjọba gbà lẹ́nu wọn pé ilé òwò ìjọba nìkan ni wọ́n á ti máa tajà. Ní 1999, ilé ẹjọ́ ní ẹni tí ẹ mú ṣèlérí ibi tí yóò ti máa tajà, ẹ ti gbà pé yóò máa ní ohun tó máa tà, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n fi sí i ni pé kí ohun tí wọ́n bá pa tà tó wọn jẹun, tó fi bora, tó fi gbé ilé, láìjẹ́ pé wọ́n fi kó ọrọ̀ jọ.